Èéfín Sìgá àti Ọ̀nà Èémí Ọmọ Ènìyàn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú

 

Ní irú ìpàdé báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ti iná mànàmáná ni a máa ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ènìyàn náà ni ó sì ń rìn lójú ọ̀nà. Bí àyà ẹni tí ń dá owó fún ìlú bá bàjẹ́, ìtẹ̀síwájú ìlú ti fà sẹ́yìn nìyẹn. Nítorí náà ni mo fi yan ọ̀rọ̀ sìgá láàyò lónìí.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá amusìgá jíròrò rí yóò mọ̀ pé àwáwí méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ọ̀dọ́ a máa wí pé, “Ara mi le, n kò wúkọ́. Kí ni sìgá méjì mẹ́ta lójúmọ́ lè fi mí ṣe?” Àgbàlagbà a máa wí pé, “Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fà á. Ohun tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná.” Ọ̀kan ní àkókò kò tíì tó, èkejì ní àkókò ti kọjá. Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe nínú yàrá ìwádìí, lórí ẹran ara tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo inú ọ̀nà èémí wa, fi hàn pé àwáwí méjèèjì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ là yé yín.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní ọdún 1933 ni a kọ́kọ́ fi ilé iṣẹ́ kékeré kan dán sìgá ṣíṣe wò ní Òṣogbo. Ní ọdún 1937, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ sìgá sí Ìbàdàn. Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ British American Tobacco ṣí èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní Ìbàdàn kan náà. Ìṣẹ́yìn àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn sì ni a ti mọ̀ mọ oko tábà láti ọjọ́ pípẹ́. Ààrin àwọn tí ń gbìn ín àti àwọn tí ń wé e ni àwa wà, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà èémí ti rí. Ẹ wo igi ọsàn inú oko wa ní Fìdítì. Ó ní ìtì kan, ìtì náà pín sí ẹ̀ka ńláńlá, ẹ̀ka ńlá pín sí kékeré, títí a ó fi dé orí ewé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀nà èémí ṣe rí, àfi pé igi inú àyà dorí kodò: ìtì rẹ̀ wà ní ọrùn, ẹ̀ka rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀tún àti ní òsì. Ewé igi yìí ni àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tútù.

Bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi ẹyọ kéékèèké tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì mọ ara ohun alààyè. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Nínú ọ̀nà èémí, oríṣi mẹ́ta ni kí a rántí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí irun wíńníwínní hù sí lórí. Irun náà kì í sinmi, gbígbá ni ó ń gbá ìdọ̀tí sókè tọ̀sán tòru, bí ìyàwó ilé tí ń gbá àgbàlá. Èkejì ni àwọn tí ń ṣe ikun tí ó yọ̀, kí eruku lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn ni ìyá, nítorí pé bí àwọn ti òkè bá kú, àwọn ni ó ń bí òmíràn rọ́pò wọn, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń rọ́pò ìyá rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí èéfín sìgá wọlé. Kẹ́míkà tí ó wà nínú èéfín yìí lé ní 7,000, nǹkan bí 70 nínú wọn ni a sì ti mọ̀ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Irun tí ń gbá ọ̀nà a kúrú, a rọ, àwọn mìíràn a sì kú dànù. Àwọn tí ń ṣe ikun a pọ̀ sí i, ikun a kún ọ̀nà, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbá a. Ìdí nìyí tí amusìgá fi ń wúkọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ó sì ń pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Nígbà tí agbálẹ̀ bá ti kú, onílé ni yóò máa fi agbára ti ìdọ̀tí jáde.

Ṣáájú kí a tó máa wo sẹ́ẹ̀lì, òkú ni a kọ́kọ́ kà. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù jáde, ó sì hàn gbangba pé láàárín àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú, amusìgá ni ó pọ̀ jù. Ní ọdún 1951, wọ́n kọ̀wé sí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 40,000 nínú wọn sì dá wọn lóhùn. Fún 50 ọdún ni a fi tọpa àwọn dókítà wọ̀nyí. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2004, a rí i pé àwọn ọkùnrin tí kò jáwọ́ nínú sìgá fi nǹkan bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò mu ún rí kú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé, “Bàbá bàbá mi fa ìkòkò tábà títí ó fi lo 90 ọdún.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè di ojú kí ó sì sọdá títì márosẹ̀ láìsí mọ́tò tí ó gbá a. Síbẹ̀ kò sí ìyá tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ láti máa sọdá bẹ́ẹ̀.

Kíka òkú fi hàn wá pé sìgá ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ti ń pa á. Láti mọ èyí, àwọn onímọ̀ mú sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn wọ inú yàrá ìwádìí. Wọ́n ń gbìn ín sórí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní ihò wíńníwínní. Omi oúnjẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà lókè rẹ̀, bí ó ti rí nínú àyà gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irun a hù sí wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ nínú abọ́ bí ẹni pé ó ṣì wà nínú ara. Orí irú sẹ́ẹ̀lì báyìí ni a lè darí èéfín sí, tàbí kí a po omi tí a fi èéfín ṣe mọ́ oúnjẹ wọn, kí a sì máa wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé a fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu.

Ní ọdún 1996, Mikhail Denissenko àti Gerd Pfeifer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó lè mọ rírì rẹ̀, ẹ gbọ́ èyí ná: nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ kan wà tí a ń pè ní DNA, orí kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà ni a sì ń pè ní jíìnì. Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ p53. Ọlọ́dẹ ni, òun ni ó ń dá sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ ya ìyàkuyà dúró. Nínú ọ̀dà sìgá ni ohun kan wà tí a ń pè ní benzopyrene. Àwọn onímọ̀ yìí mú ohun tí ara máa ń sọ benzopyrene dà, wọ́n sì fi kan sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn. Ibi tí ó lẹ̀ mọ́ lára p53 kò yàtọ̀ sí ibi tí ọlọ́dẹ náà ti máa ń bàjẹ́ lára àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú. Bí a bá rí ojú ẹsẹ̀ olè lẹ́nu ọ̀nà, tí bàtà ẹnìkan sì bá a mu régérégé, kí ni a ó tún máa wí?

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ni ènìyàn ń mu sìgá. Ojoojúmọ́ ni, fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kí ni díẹ̀ díẹ̀ yìí ń ṣe? Ìbéèrè yìí ni Michelle Vaz, Stephen Baylin, Hariharan Easwaran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Johns Hopkins dáhùn ní ọdún 2017. Oṣù 15 gbáko ni wọ́n fi ń fi omi èéfín sìgá bọ́ sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ènìyàn lójoojúmọ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mu páálí kan sí méjì lójúmọ́ fún 20 sí 30 ọdún.

Nínú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, àmì ìpalára ti hàn lára ìwé àṣẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó yani lẹ́nu ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìnì tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. A kò ya ojú ìwé wọn dànù, a kò sì pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Ó dà bí ẹni pé a fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìwé méjì pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó lè kà á mọ́. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni gọ́ọ̀mù náà ń le sí i.

Wọ́n wá mú jíìnì kan tí ó ti bàjẹ́, KRAS ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó máa ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó máa pọ̀ sí i láìdúró. Wọ́n fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti gba èéfín fún oṣù 6. Kò di jẹjẹrẹ. Wọ́n fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti gba èéfín fún oṣù 15. Ó di jẹjẹrẹ. Ọ̀tá kan náà ni, ilé ni kò rí bákan náà mọ́. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Èéfín sìgá ojoojúmọ́ ni ó ń la ẹnu ògiri. Nígbà tí ẹnu náà bá sì ń là, onílé kò gbọ́ ìró kankan, kò wúkọ́, àyà kò dùn ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn yín nìyí. Àìwúkọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dá. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ ìhìn rere tí ó wà nínú rẹ̀: ògiri oṣù kẹfà kò tíì gba aláǹgbá. Ẹni tí ó bá tètè jáwọ́ ń jáwọ́ nígbà tí ilé rẹ̀ ṣì lè dáàbò bò ó.

Òtítọ́ ni pé abọ́ yàrá ìwádìí kì í ṣe àyà ènìyàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a lò ní ọdún 2017, a ti tún wọn ṣe kí wọ́n má baà tètè kú. Nítorí náà ó dára kí a wo àyà ènìyàn fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Sanger Institute àti University College London tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde. Ènìyàn 16 ni wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí wọn: ọmọdé wà nínú wọn, àwọn tí kò mu sìgá rí wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti jáwọ́, àti àwọn tí ó ṣì ń mu ún. Wọ́n ka àṣìkọ tí ó wà nínú ìwé àṣẹ sẹ́ẹ̀lì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lára àwọn tí ó ṣì ń mu sìgá, ó ju sẹ́ẹ̀lì 9 nínú 10 lọ tí àṣìkọ ti pọ̀ sí nínú, àwọn mìíràn tó 10,000 ju ti ẹni tí kò mu ún rí lọ. Ṣùgbọ́n lára àwọn tí ó ti jáwọ́, a rí sẹ́ẹ̀lì tí ó mọ́, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹni tí kò fa sìgá rí. Ní ara àwọn kan, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó 40 nínú 100, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí a rí lára àwọn tí kò jáwọ́. Ó jọ pé àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó fara pamọ́ nígbà tí èéfín ń jà. Nígbà tí èéfín dáwọ́ dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ọmọ wọn sì ń gba ilẹ̀ padà.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ní ó ti pẹ́ jù, ìdáhùn tiyín nìyẹn. N kò ní tàn yín: àpò afẹ́fẹ́ tí ó ti ya nínú ẹ̀dọ̀fóró kì í hù padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí ń tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi èyí múlẹ̀: ẹni tí ó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún jèrè nǹkan bí ọdún 3, ní 50 ọdún, ọdún 6, ní 40 ọdún, ọdún 9, ẹni tí ó sì jáwọ́ ní 30 ọdún gba gbogbo ọdún 10 náà padà, tàbí kí ó kù díẹ̀. Ta ni nínú wa tí a ó fi ọdún 3 ta lọ́rẹ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún tí yóò kọ̀ ọ́?

Ní ilẹ̀ wa, ìwádìí ńlá tí a ṣe ní ọdún 2012 fi hàn pé àgbàlagbà 5.6 nínú 100 ni ó ń lo tábà: ọkùnrin 10 nínú 100, obìnrin bí 1 nínú 100. Ìyẹn ni pé àwa ṣì kéré sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò tíì kún ni oníṣòwò máa ń fojú sí, àwọn ọmọ wa ni ọjà náà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ìṣàkóso Tábà ní ọdún 2015. Òfin náà kọ̀ kí a ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó kọ̀ kí a máa tà á ní ẹyọ ẹyọ. Páálí tí ẹyọ 20 wà nínú rẹ̀ ni ó fàyè gbà. Ó sì ka mímu rẹ̀ léèwọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ní ilé ìwòsàn àti nínú ọkọ̀ èrò. Ìdí tí a fi kọ títa ẹyọ yé ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àpò ọmọdé: kò lè ra páálí, ṣùgbọ́n ó lè ra ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí ni ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà mo fi ohun mẹ́rin síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí a fi òpin sí rírán ọmọ ní sìgá. Bàbá tí ó bá rán ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó lọ ra sìgá, tí ọmọ sì ṣáná sí i wá fún un, ti kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ pinnu pé ní gbogbo ayẹyẹ rẹ̀, a kò ní gbé sìgá sórí tábìlì àlejò, a kò sì ní gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìyálọ́jà lọ bá àwọn tí ń ta ẹyọ sìgá nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àti ní ìdíkọ̀ sọ̀rọ̀. N kò ní kí a bú wọn, n kò sì ní kí a da igbá wọn nù. Ìyá tí ń fi èrè sìgá ra ìwé fún ọmọ kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Kí ẹgbẹ́ fi díẹ̀ nínú àpò rẹ̀ yá irú wọn, kí wọ́n fi ẹ̀pà, ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó àti búrẹ́dì dípò sìgá. Ìlú tí gbogbo èrò ọ̀nà mọ̀ mọ èso kò yẹ kí ó ṣaláìní ohun tí yóò tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò bá àgbẹ̀ tábà Òkè-Ògùn jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó yí irúgbìn padà, kí ó bá a wá irúgbìn tí yóò pa owó.

Ẹ̀kẹrin kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi. Ẹ má ṣe fi páálí sìgá ṣe ẹ̀bùn fún bàbá nílé mọ́. Ẹ bá a ra aṣọ òtútù. Bí ó bá sì fẹ́ jáwọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́, nítorí pé nikotíìnì inú sìgá a máa de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ó máa ń nira jù. Kí ó dá ọjọ́ kan, kí ó sọ fún aya àti ọmọ, kí ó yàgò fún ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń fà á, kí ó sì lọ rí àwọn oníṣègùn, nítorí pé oògùn wà tí ń dín ìfẹ́ rẹ̀ kù. Bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kí ó dìde.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ará ilé. Ẹni tí sìgá ń pa káàkiri ayé lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ, ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ nínú wọn tí kò mu ún rárá, tí ó jẹ́ pé èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n ń fà símú. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ kò mọ̀ bóyá òun ni ó ṣáná sí sìgá tàbí bàbá òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn baba wa dá owó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kí ojú wa lè là. Ojú tí ó là náà ni a fi rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí. Ó kù sí wa lọ́wọ́ kí a fi ìmọ̀ náà ṣe ohun rere. Kò tíì yá jù fún ọ̀dọ́ láti bẹ̀rù rẹ̀, kò sì tíì pẹ́ jù fún àgbà láti jù ú nù.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ẹ̀mí gígùn àti àyà tí ó mọ́ láti lò ó. Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú o.